‘Lójú Mi’: Wíwọn Ìyàtọ̀ Títóbi Àwòrán Láàárín Ojú Ọ̀tún àti Ojú Òsì

Ìfáàrà

Nínú èdè Yorùbá, ẹni tó bá fẹ́ sọ bí nǹkan ṣe rí sí i, tí kò sì fẹ́ fi dandan lé e pé bẹ́ẹ̀ ló rí fún gbogbo ayé, yóò fi ‘lójú mi’ kún ọ̀rọ̀ rẹ̀. ‘Ó tóbi’ jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa nǹkan tí a ń wò. ‘Ó tóbi lójú mi’ jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa nǹkan náà àti ẹni tó ń wò ó. Nínú gbólóhùn yìí, a máa ń lo ‘ojú’ bí ẹni pé ẹyọ kan ṣoṣo ni ènìyàn ní. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, méjì ni, àwọn méjèèjì sì lè ṣe aláìfohùnṣọ̀kan. Ojú ọ̀tún lè jẹ́rìí pé fèrèsé kan tóbi ju bí ojú òsì ṣe sọ lọ, bẹ́ẹ̀ ẹnìkan náà ló ní ojú méjèèjì, fèrèsé náà kò sì yí padà.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì ni pé ìdánwò ojú tó wọ́pọ̀ kò lè rí i. Pátákó lẹ́tà tí Herman Snellen gbé jáde ní ọdún 1862, tí irú rẹ̀ ṣì wà lára ògiri ilé ìwòsàn ojú títí di òní, ojú kọ̀ọ̀kan la fi í dán wò. A ó bo òsì, ọ̀tún yóò kàwé. A ó bo ọ̀tún, òsì yóò kàwé. Ẹni tí àwòrán ojú rẹ̀ méjèèjì kò dọ́gba lè ka gbogbo ìlà tó wà lára pátákó náà láìṣìṣe kankan. Síbẹ̀, bí ó bá la ojú méjèèjì papọ̀, orí yóò máa fọ́ ọ, òòyì yóò máa kọ́ ọ, ìwé kíkà yóò sì di iṣẹ́ àṣekára. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ṣàlàyé ara rẹ̀, ó rọrùn fún àwọn tó ń gbọ́ ọ láti sọ pé kò sí nǹkan kan tó ṣe é, nítorí ojú kọ̀ọ̀kan ti yege. Àròkọ yìí ṣàlàyé ohun tí àìdọ́gba yìí jẹ́, ibi tó ti ń wá, ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ gbà ń wọ̀n ọ́n, àti ohun tí èdè Yorùbá lè fi kún bí a ṣe ń bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ aláìsàn.

Orúkọ àti ìtumọ̀ rẹ̀

Walter B. Lancaster, oníṣègùn ojú ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, ló fún ipò yìí ní orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí lágbàáyé, aniseikonia, ní ọdún 1932. Inú èdè Gíríìkì ló ti yọ orúkọ náà: ‘an’ dúró fún ‘àì’, ‘iso’ dúró fún ‘dọ́gba’, ‘eikon’ sì ni ‘àwòrán’. Nítorí náà, ‘àìdọ́gba àwòrán ojú’ bá orúkọ náà mu lẹ́yọ-lẹ́yọ, òun ni a ó sì máa lò nínú àròkọ yìí.

Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni a fi ń sọ bí àìdọ́gba náà ṣe pọ̀ tó. Bí fèrèsé kan bá fẹ̀ ní ìwọ̀n 100 sẹ̀ńtímítà lójú òsì, tó sì rí bí èyí tó fẹ̀ ní 101 sẹ̀ńtímítà lójú ọ̀tún, a ó sọ pé àìdọ́gba náà jẹ́ 1%. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé nǹkan kékeré ni. Ṣùgbọ́n ọpọlọ kì í wo àwòrán méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ńṣe ló ń gbé ọ̀kan lé èkejì títí wọn yóò fi di ìran kan ṣoṣo. Bí ọ̀kan bá tóbi ju èkejì lọ, bí àárín wọn bá tilẹ̀ bára mu, etí wọn kò ní bára mu. Ní gbogbogbòò, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mọ ìnira kankan bí ìyàtọ̀ náà kò bá tó 1%. Bí ó bá ti ń sún mọ́ 3%, ìnira lè bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ju 5% lọ, ó máa ń ṣòro fún ọ̀pọ̀ láti pa àwòrán méjèèjì pọ̀ dáadáa. Àmọ́ àwọn ìwọ̀n wọ̀nyí kì í ṣe òfin. Ohun tí ẹnìkan lè fara dà lè jẹ́ ìyọnu ńlá fún ẹlòmíràn.

Ìyàtọ̀ tó wúlò àti èyí tó ń dani láàmú

Kí a má baà ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, kì í ṣe gbogbo ìyàtọ̀ láàárín àwòrán ojú méjèèjì ni àìsàn. Ojú ọ̀tún àti ojú òsì kò sí lójú kan náà. Àlàfo nǹkan bí 6.3 sẹ̀ńtímítà ló wà láàárín wọn lára àgbàlagbà. Ká ní ènìyàn gbé ife kan sí apá ọ̀tún rẹ̀, 30 sẹ̀ńtímítà sí àárín ojú rẹ̀ méjèèjì, ní igun ìwọ̀n 45 sí iwájú. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ife náà yóò jìnnà sí ojú ọ̀tún ní nǹkan bí 27.9 sẹ̀ńtímítà, yóò sì jìnnà sí ojú òsì ní nǹkan bí 32.3. Èyí túmọ̀ sí pé àwòrán ife náà tóbi lójú ọ̀tún ju ti òsì lọ ní nǹkan bí 16%.

Ìyàtọ̀ yìí kì í dá ẹnikẹ́ni láàmú, nítorí pé ọpọlọ ti mọ ohun tí yóò fi í ṣe. Irú ìyàtọ̀ báyìí wà lára ohun tó fi ń mọ ibi tí nǹkan wà, bóyá ó sún mọ́ni tàbí ó jìnnà. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìyàtọ̀ bá wà níbi tí kò yẹ kó wà, bí àpẹẹrẹ nígbà tí ènìyàn bá dúró gangan níwájú ògiri títẹ́jú. Ọpọlọ kò mọ̀ pé inú ojú tàbí inú awò ni ìyàtọ̀ náà ti wá. Ó ń túmọ̀ rẹ̀ bí ó ti ń túmọ̀ gbogbo ìyàtọ̀ mìíràn, ìyẹn ni pé ó ń kà á sí ìròyìn nípa jíjìnnà. Nípa bẹ́ẹ̀, ògiri títẹ́jú lè dà bí èyí tó dagun, ilẹ̀ lè dà bí ẹni pé ó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, àtẹ̀gùn sì lè dojú rú fún ẹni tó fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ibi tí àìdọ́gba ti ń wá

Ohun tó wọ́pọ̀ jù lọ tó ń fa àìdọ́gba àwòrán ojú ni kí agbára awò tí ojú ọ̀tún nílò yàtọ̀ sí ti òsì. Awò tó ń ran ẹni tí kò rí ọ̀ọ́kán dáadáa lọ́wọ́ a máa dín àwòrán kù. Èyí tó ń ran ẹni tí kò rí ìtòsí dáadáa lọ́wọ́ a sì máa mú àwòrán tóbi sí i. Bí ìyàtọ̀ láàárín awò méjèèjì bá pọ̀, ìyàtọ̀ láàárín àwòrán yóò pọ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ oníṣègùn ojú máa ń fojú bù ú pé dáyọ́pítà kan, ìyẹn òṣùwọ̀n agbára awò, lè mú ìyàtọ̀ nǹkan bí 1% wá.

Iṣẹ́ abẹ ojú ni orísun kejì. Lẹ́ǹsì kan wà nínú ẹyinjú tí ó máa ń di funfun bí ọjọ́ orí bá ń gòkè, títí ìmọ́lẹ̀ kò fi ní lè gba inú rẹ̀ kọjá mọ́. Kí ó tó di pé àwọn oníṣègùn rí ohun fi rọ́pò rẹ̀, ńṣe ni wọ́n máa ń yọ ọ́, tí wọn yóò sì fún aláìsàn ní awò ojú tó nípọn. Awò náà lè mú àwòrán tóbi ní nǹkan bí 25% sí 30%. Bí ojú méjèèjì bá ṣe iṣẹ́ abẹ, ayé kàn tóbi sí i ni. Ṣùgbọ́n bí ojú kan ṣoṣo bá ṣe é, tí èkejì ṣì dára, kò sí bí ọpọlọ ṣe lè pa àwòrán méjèèjì pọ̀. Ẹni tí wọ́n ti la ojú rẹ̀ lè wá máa rí nǹkan méjì-méjì nígbà tó bá wọ awò tó yẹ kó ràn án lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 1949, Harold Ridley ṣe iṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn St Thomas’ ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tó ti fi lẹ́ǹsì àtọwọ́dá sínú ẹyinjú fúnra rẹ̀. Nítorí pé lẹ́ǹsì yìí wà ní ibi tí ti àdánidá wà tẹ́lẹ̀, ìyàtọ̀ tó ń mú wá kéré gan-an sí ti awò níní ìpọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí Nàìjíríà. Àwọn kan ṣì wà tí wọ́n ń gbé ojú tó ti di funfun lọ sọ́dọ̀ àwọn tó máa ń fi irin ṣóńṣó ti lẹ́ǹsì náà ṣubú sínú ẹyinjú, tí wọn kò sì ní fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀. Yàtọ̀ sí ewu kíkó kòkòrò àrùn àti ìfọ́jú tó wà nínú rẹ̀, bí ojú náà bá tilẹ̀ ríran díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, awò níní ìpọn nìkan ló lè ràn án lọ́wọ́. Nígbà náà, àìdọ́gba tí a sọ yìí ń dúró de ẹni tí ojú rẹ̀ kejì ṣì ń ríran.

Ìṣirò kò tó

Ẹnìkan lè béèrè pé, bí a bá mọ agbára awò, kí ló dé tí a kò kàn ṣírò ìyàtọ̀ náà lórí ìwé? Hermann Knapp ti gbìyànjú rẹ̀ láti ọdún 1869. Ó ṣàlàyé pé bí ó bá jẹ́ pé gígùn ẹyinjú kan ju èkejì lọ ló fa ìyàtọ̀ agbára awò, tí a sì gbé awò sí ibi kan pàtó níwájú ojú, àwòrán tó bọ́ sórí rẹ́tínà, ìyẹn awọ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn ẹyinjú, yóò dọ́gba nínú ojú méjèèjì. Òfin Knapp ni wọ́n ń pe èyí, ìṣirò rẹ̀ sì tọ̀nà.

Àmọ́ àwòrán tó wà lórí rẹ́tínà kọ́ ni ènìyàn ń rí. Ní ọdún 1983, Bradley, Rabin àti Freeman gbé ìwádìí jáde tó fi hàn pé nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí awò ń kópa nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹyinjú bá gùn ju bó ṣe yẹ lọ, rẹ́tínà lè fà gbọọrọ bí awọ ìlù tí a fà. Àwọn ohun tíntìntín tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lórí rẹ̀ yóò wá jìnnà síra wọn. Àwòrán tí ìwọ̀n rẹ̀ dọ́gba yóò bọ́ sórí díẹ̀ nínú wọn, yóò sì kéré lójú ẹni náà. Nítorí náà, ẹni tí ìṣirò sọ pé àwòrán rẹ̀ dọ́gba lè má rí i bẹ́ẹ̀.

Níhìn-ín, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ‘wò’ àti ‘rí’ nínú èdè Yorùbá ràn wá lọ́wọ́. Ojú ló ń wò. Ẹni tó ni ojú ló ń rí. A lè fi ìṣirò mọ ohun tó wọ inú ojú, ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn rí, ẹnu rẹ̀ nìkan la ti lè gbọ́ ọ.

Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ènìyàn tẹjú mọ́ nǹkan kan, kí ó máa bo ojú kan tẹ̀ lé èkejì, kí ó sì sọ èyí tí nǹkan náà ti tóbi jù. Àléébù ọ̀nà yìí ni pé ìrántí ni ènìyàn fi ń fi wọ́n wéra. Nígbà tó bá fi máa ṣí ojú kejì, àwòrán ti àkọ́kọ́ ti kọjá lọ.

Ọ̀nà ìfiwéra tààrà sàn ju èyí lọ. A ó ṣètò rẹ̀ kí ojú méjèèjì là lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n kí ojú kọ̀ọ̀kan rí ìdajì àwòrán kan. Nínú ìwé ìdánwò tí Shinobu Awaya ṣe ní orílẹ̀-èdè Japan, aláìsàn yóò wọ awò tí apá kan rẹ̀ pupa tí apá kejì sì jẹ́ àwọ̀ ewé. Yóò wo ìlàjì òbìrí pupa àti ìlàjì òbìrí aláwọ̀ ewé tí wọ́n kọ ẹ̀yìn síra. Ojú kan kì í rí èyí tí ojú kejì ń rí. Ìwọ̀n àwọn ìlàjì náà ń yàtọ̀ láti ojú ìwé dé ojú ìwé, iṣẹ́ aláìsàn sì ni láti mú èyí tí ìlàjì méjèèjì ti dọ́gba lójú rẹ̀. Bí ó bá mú èyí tí wọ́n tẹ̀ pẹ̀lú ìyàtọ̀ 4%, a jẹ́ pé 4% ni àìdọ́gba rẹ̀. Lóde òní, wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe irú ìdánwò yìí. Ìwé náà rọrùn láti lò, ṣùgbọ́n nígbà tí McCormack, Peli àti Stone fi í wéra pẹ̀lú ọ̀nà mìíràn ní ọdún 1992, wọ́n rí i pé iye tó ń gbé jáde kéré sí bí àìdọ́gba náà ṣe jẹ́ gan-an.

Ọ̀nà kẹta ló yani lẹ́nu jù. Ilé ẹ̀kọ́ gíga Dartmouth ní ìlú Hanover ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, láti ọwọ́ Adelbert Ames Kékeré àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pàápàá Kenneth N. Ogle. Ames kẹ́kọ̀ọ́ òfin, ó sì fi í sílẹ̀ láti di ayàwòrán. Ìfẹ́ láti mọ bí ojú ṣe ń rí ohun tí ayàwòrán fẹ́ yà ló gbé e dé ìdí ìmọ̀ ojú. Àwọn ènìyàn Dartmouth kíyè sí i pé kò pọn dandan kí a béèrè èyí tó tóbi. Bí àwòrán ojú ọ̀tún bá fẹ̀ ju ti òsì lọ, ògiri tó wà níwájú ènìyàn yóò dà bí èyí tó yí, apá ọ̀tún rẹ̀ yóò dà bí èyí tó jìnnà. Bí ó bá jẹ́ pé gíga nìkan ló fi ju ti òsì lọ, òdì kejì ni yóò ṣẹlẹ̀: apá ọ̀tún ni yóò dà bí èyí tó sún mọ́ni. Ogle ló ṣàlàyé èyí kejì yìí nínú iṣẹ́ rẹ̀ ti ọdún 1938.

Lórí ìpìlẹ̀ yìí ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ tó ń fi jíjìnnà wọn àìdọ́gba. Aláìsàn yóò wo àwọn okùn tó nà ṣánṣán lókè sódò àti àgbélébùú tí apá rẹ̀ dagun. Kò sí ohun mìíràn tí ojú lè fi mọ bí wọ́n ṣe jìnnà tó. Bí okùn apá kan bá dà bí èyí tó sún mọ́ni ju ti apá kejì lọ, olùdánwò yóò máa yí lẹ́ǹsì títí wọn yóò fi dọ́gba. Ohun tí ẹ̀rọ náà bá kà nígbà náà ni ìwọ̀n àìdọ́gba. Wọ́n tún ní yàrá kan tí wọ́n fi ewé bo ògiri rẹ̀ látòkè délẹ̀, kí aláìsàn má baà rí ìlà tó nà tí yóò fi mọ bí yàrá náà ṣe rí ní tòótọ́. Ẹni tí àwòrán ojú rẹ̀ kò dọ́gba yóò sọ pé yàrá náà dagun. Ọ̀nà yìí lè mú ìyàtọ̀ tí kò tó 1% pàápàá jáde, ṣùgbọ́n ẹni tí ojú rẹ̀ méjèèjì kò bá lè ṣiṣẹ́ pọ̀ rárá kò lè ṣe é.

Èdè ìbéèrè

Nínú gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí, ìdáhùn aláìsàn ni ìwọ̀n. Bí ìbéèrè kò bá yé e, ẹ̀rọ kò níṣẹ́. Fún agbọ́-Yorùbá, ‘Èwo ló tóbi jù?’ lè jẹ́ ìbéèrè tí kò kún tó. Àìdọ́gba lè wà ní gbogbo ọ̀nà, ó lè wà ní ìbú nìkan, ó sì lè wà ní òró nìkan, ìtọ́jú wọn kò sì rí bákan náà. Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀-ìṣe fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: ‘tóbi’ fún ti gbogbo ọ̀nà, ‘fẹ̀’ fún ìbú, ‘ga’ fún òró. Olùdánwò tó bá béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà pé, ‘Mà á, èwo ló fẹ̀ jù lójú yín? Èwo ló ga jù?’ yóò gbọ́ ìdáhùn tó péye ju ti ẹni tó béèrè títóbi nìkan. Bákan náà, fún ẹ̀rọ ti Dartmouth, ‘Èwo ló sún mọ́ yín jù?’ ni ìbéèrè, kì í ṣe ‘Èwo ló tóbi jù?’. ‘Lójú yín’ náà kì í ṣe àfikún lásán. Ó ń jẹ́ kí aláìsàn mọ̀ pé a kò béèrè bí nǹkan ṣe rí ní tòótọ́, bí ó ṣe rí sí i là ń béèrè. Kò sì ní máa wá ìdáhùn tó rò pé olùdánwò fẹ́ gbọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ohun tí Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo jíròrò nínú ìwé wọn ti ọdún 1986, Knowledge, Belief, and Witchcraft. Wọ́n ṣàlàyé pé ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni Yorùbá ń pè ní ìmọ̀. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn jẹ́ ìgbàgbọ́, àyàfi bí a bá dán an wò. Òwe náà sọ pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Bí a bá gbé e lé orí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀, ohun tí aláìsàn rí jẹ́ ìmọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ìròyìn ni fún oníṣègùn, nítorí kò sí bí oníṣègùn ṣe lè wọ inú ojú rẹ̀ wò ó. Ìdánwò ló ń so méjèèjì pọ̀. Bí aláìsàn bá sọ pé okùn ti dọ́gba ní 3%, tí a sì yí ẹ̀rọ padà láìjẹ́ kó mọ̀, tó tún dá a dúró sí nǹkan bí 3%, oníṣègùn náà ti ní ohun tó dì mú.

Ìtọ́jú

Bí a bá ti mọ ìwọ̀n rẹ̀, ohun tí a lè ṣe wà. A lè gbé awò sún mọ́ ojú, tàbí kí a lo lẹ́ǹsì tí a ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú. Awò pàtàkì tí wọ́n ṣe ní Dartmouth tún wà: bí a bá mú iwájú awò yọ sí i, tí a sì mú un nípọn sí i, a lè mú àwòrán tóbi láìyí agbára awò náà padà. Ibùdó ìmọ̀ ojú Dartmouth kógbá sílé ní ọdún 1947, ṣùgbọ́n ìlànà tí wọ́n lò ṣì ni àwọn oníṣẹ́ awò ń tẹ̀ lé.

Àgbálọgbábọ̀

Àròkọ yìí ti fi hàn pé wíwọn àìdọ́gba àwòrán ojú kì í ṣe wíwọn àwòrán. Ẹ̀rí ẹnìkan ni a ń wọ̀n. Ìṣirò Knapp, pátákó Snellen àti agbára awò kò lè dípò ẹ̀rí yẹn. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú olójú kò lè dà bí ojú ẹni. Bí aláìsàn bá sọ pé ilẹ̀ dagun lójú òun, tí ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń ka pátákó láìṣìṣe, ohun tó tọ́ ni kí a dán ojú méjèèjì wò pọ̀ kí a tó sọ pé kò sí nǹkan kan tó ṣe é, kí a sì bi í ní èdè tí yóò jẹ́ kó lè sọ ohun tó ń rí.